Búkà ẹ̀yìn Akẹ̀sán: òkèlè tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ l'Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé búkà yìí kí aago kan ọ̀sán tó lù. Lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì kọjá kí n tó débẹ̀, gbẹ̀gìrì ti tán pátápátá. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ló wà, kò ní pátákó, àwọn ọlọ́kadà ló máa júwe rẹ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Àmàlà náà dúdú, ó ń dán, kò ní kókó kankan. Màmá fi ìgbakọ gé e sínú abọ́, ó da gbẹ̀gìrì sọ́tùn-ún, ewédú sósì, ó wá bu ọbẹ̀ ata sáàárín. Àmàlà mẹ́ta àti ògúnfe méjì, ₦1,800. Ọmọ kékeré kan jókòó níwájú mi, òkèlè wú u lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni fi agbálùmọ̀ sẹ́nu.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn ló rán mi létí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Albáníà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí, orírun ọ̀rọ̀ ni mo fi ń najú. Bukë ni wọ́n ń pe búrẹ́dì níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní "të hamë bukë", ẹ jẹ́ ká jẹun ni wọ́n ń wí, ìbáà jẹ́ ọbẹ̀ àti ẹran ló wà nílẹ̀. Látìnì ni wọ́n ti mú un: bucca, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ń kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ di òkèlè, òkèlè di búrẹ́dì, búrẹ́dì di oúnjẹ. Bocca tí àwọn ará Ítálì ń pe ẹnu, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Búkà tiwa ò bá wọn tan rárá o, bó tilẹ̀ jọ ọ́ létí: ọ̀dọ̀ Haúsá la ti yá a, bukka, ahéré olókoríko.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni abọ́ ìfọwọ́. Ẹyọ kan ni gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sí yín lọ́wọ́, wọ́n á ṣe é tayọ̀tayọ̀.

"Búrẹ́dì, iyọ̀ àti ọkàn" làwọn ará Albáníà fi ń gbàlejò. Lọ́jọ́ Sátidé tí gbẹ̀gìrì tán yẹn, Màmá fi pọ̀nmọ́ ńlá kan ṣe ènì fún mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú." Ó ti gba nọ́ńbà mi báyìí, á máa bá mi fi gbẹ̀gìrì pamọ́.