Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Kabba, ògiri ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀

Ọmọ Okun, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ti ń bi mí pé ibo ni mò ń tẹ iṣẹ́ gírááfíìkì mi ní Kabba, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ni, prínǹtà méjì, jẹnẹ tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, kò tiẹ̀ ní sáìnbọ́ọ̀dù, òun tó ń ṣe ti àwọn ẹlòmíì! Àmọ́ kì í ṣe torí prínǹtà ni mo ṣe ń lọ.

Bọ̀dá tó ni ibẹ̀ ní kí àwa tá à ń kọ́ gírááfíìkì máa lẹ ohun tó bá wù wá mọ́ ògiri ẹ̀yìn, òfin kan péré ló fi sí i: wàá mú báírò kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí lo fẹ́ jí níbẹ̀, ìyẹn ọgbọ́n tí wàá mú lò nínú iṣẹ́ tìẹ. "Ó rẹwà" ò wọlé. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lẹ fláyà kan tí mo rí lórí Pinterest, ṣe ni mo dúró gbagidi, mi ò rí nǹkan kọ, bẹ́ẹ̀ mo ti séèfù irú ẹ̀ jọ rẹpẹtẹ sórí fóònù.

Ọmọbìnrin kan wá lẹ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán dátà (ìṣirò tí wọ́n fi ilà àti àwọ̀ hàn) tí W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní Atlanta fọwọ́ yà fún àfihàn ńlá ìlú Paris lọ́dún 1900, lórí ìgbésí ayé àwọn èèyàn dúdú ní Georgia. (Ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí wẹ́bsáìtì Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ lọ wà á sílẹ̀.) Ilà pupa kan ló lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn ará oko ló dúró fún, wọ́n pọ̀ ju ará ìlú lọ débi pé tí wọ́n bá nà án tọ́ọ́rọ́, ìwé ò ní gbà á. Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé "lílọ́ yẹn ni mo fẹ́ jí".

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan lẹ fọ́tò aṣọ ipò (aṣọ pupa tó wà fún ìsìnkú ẹni ńlá) ìyá ìyá ẹ̀ ní Bùnú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kọ "pupa yìí náà ńkọ́?" Ariyanjiyan bẹ́ o! Àwọn kan ní aṣọ kì í ṣe dátà, ẹ̀gbọ́n kan ní tẹ́ ẹ bá rí i níbi ìsìnkú ṣé ẹ ò ní mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ ni, kí wá ni dátà? Mi ò rí ẹni dá a lóhùn.

Prínǹtà Bọ̀dá wá ńkọ́? Pupa mi jáde bí àwọ̀ ọsàn, mo ní "Bọ̀dá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́", ó ní èmi ni mo gbé RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí ojú fóònù ń lò) wá, pé ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń po àwọ̀, íńkì ni tòun, kí n lọ sọ ọ́ di CMYK, ìyẹn àwọ̀ íńkì mẹ́rin tí prínǹtà ń lò. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ṣì gbowó ẹ̀ pé. Kì í ní ṣéńjì náà.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú sẹ́lótéèpù dání, tiẹ̀ ti tán láti oṣù tó kọjá.