Wọ́n yára gbowó, wọ́n lọ́ra gbẹ́jọ́

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń lò láti ọdún méjì. Ìkan jẹ́ ti áàpù wọn, torí kì í há, owó téèyàn bá san wọlé sì máa ń dé kó tó ṣẹ́jú. Ìkejì jẹ́ torí pé wọ́n san ẹ̀tọ́ mi fún mi nígbẹ̀yìn. Mẹ́ta tí mo yọ, bí wọ́n ṣe ń yanjú aáwọ̀ ló fà á.

Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló dá ìjà sílẹ̀. Odds wọn, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n máa fi sọ owó téèyàn ta di ìlọ́po bó bá jẹ, jẹ́ 1.85, 1.60, 2.10 àti 1.45. Téèyàn bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 9.01 ni. Over 2.5 ni mo ta sórí èyí tó ní 1.85, ìyẹn ni pé ó kéré tán, góòlù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọlé. Góòlù kẹta wọlé ní ìṣẹ́jú 58. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 71, ìjì dé, mànàmáná ń kọ, rẹfirí ní kí gbogbo wọn kúrò lórí pápá, wọn ò sì padà wá mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí àkáǹtì mi, mo bá a pé 4.87 ni wọ́n fi sanwó fún mi. Wọ́n ti fagi lé bọ́ọ̀lù tí ìjì dá dúró, wọ́n sọ odds rẹ̀ di 1.00. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin tiwọn fúnra wọn sọ pé bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá dúró láìparí, gbogbo tẹ́tẹ́ orí rẹ̀ di òfo, àfi èyí tí èsì rẹ̀ bá ti dájú kí eré tó dúró. Irú òfin yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ilé tẹ́tẹ́, kì í ṣe àjèjì. Góòlù mẹ́ta ti wọlé, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa di méjì mọ́. Wọn ìbáà gbá bọ́ọ̀lù náà di ọ̀la, tèmi ti jẹ tán.

Mo wọ ibi tí a ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nínú áàpù. Ẹni àkọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣàṣìṣe. Ẹnì kejì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún wa ní wákàtí 24." Ẹnì kẹta ò mọ nǹkan kan nípa gbogbo ohun tí mo ti bá àwọn méjì ìṣáájú sọ, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹrin ló wá ṣe ohun tó dùn mí jù. Ó da òfin yẹn kọ ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ó gé e kúrú síbi tí "àfi" ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ dé "di òfo", ó sì fi àmì ìdánudúró sí i, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbólóhùn náà parí sí. Owó tí mo pàdánù ò bí mi nínú tó ìyẹn.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun. Níbi iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá sí lákọsílẹ̀, a ò lè gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, mo ti ya àwòrán ojú fóònù kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rárá: tíkẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ojú ewé òfin látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí mo yà á, àti ìṣẹ́jú tí góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé. Mo tún ya ọ̀rọ̀ tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ náà jọ sọ, torí téèyàn bá ti jáde níbẹ̀, kì í rí i mọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ọ̀rọ̀ inú áàpù kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá wọn fà á, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n kà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá nínú àdéhùn wọn ni mo ti rí àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn. Mo kọ ojú ewé kan péré: nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ àti àkókò, odindi òfin náà pẹ̀lú "àfi" rẹ̀, àti ohun tí mo fẹ́, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín 4.87 àti 9.01. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mi ò sì halẹ̀. Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà ni èsì dé, gbólóhùn méjì: wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìpinnu wọn ò sì ní yí padà.

Ẹni tí ò bá mọ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an lèèyàn nílò láti gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 8 ni ilé tẹ́tẹ́ ní láti fi yanjú ẹ̀sùn. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, oníbàárà lè lọ bá onílàjà tó dá dúró, láìsan owó kankan. IBAS, ọ̀kan nínú àwọn onílàjà bẹ́ẹ̀, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1998. eCOGRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, náà ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré kọ̀wé sí àjọ tó fún ilé tẹ́tẹ́ níwèé àṣẹ, ṣùgbọ́n irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè má dá ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gambling Commission ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dá a. Wọ́n á gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á lò ó láti fi ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ wọn ò ní bá ọ gba owó.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní kí báńkì dá owó tí mo fi ta tẹ́tẹ́ padà. Mi ò gbà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi san owó yẹn, ohun tí mo jẹ ni à ń jà lé lórí. Ńṣe ni ìyẹn ìbá fún wọn ní ẹ̀rí láti pè mí lóníjìbìtì.

Onílàjà tó gbọ́ ẹjọ́ mi ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi: ó fẹ́ rí ojú ewé òfin bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí mo gbé e lọ, ìdájọ́ jáde pé góòlù kẹta ti pinnu tẹ́tẹ́ náà kí ìjì tó dé, kí wọ́n sanwó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi san án. Kò sí "ẹ má bínú" kankan, tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi kún un. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ lò wọ́n, kó kọ́kọ́ wá orúkọ onílàjà wọn nínú àdéhùn kó tó sanwó wọlé, kó sì rí i pé nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn wà lórí ìkànnì àjọ tó fún wọn. Kó ya àwòrán òfin wọn pẹ̀lú. Mo lọ wo tiwọn lánàá kí n tó ti àkáǹtì mi pa. Wọ́n ti tún un kọ, "àfi" tí mo fi jàre ò sí níbẹ̀ mọ́.