Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà lápá Ìgbógbó, Ìkòròdú: ọ̀sán dáa, òru kù díẹ̀ káàtó

Ilé náà kò jìnnà sójú títì tó lọ láti Ìgbógbó sí Bàyèkù. Kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí àtẹ̀gùn tí arúgbó máa gùn, ìyẹn ti dáa. Bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní èèyàn lórí. Ó mọ́, kò rùn, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà ní pálọ̀. Ohun táwọn ọmọ tó ń wá ibi tí wọ́n máa fi ìyá wọn sí máa ń wò nìyẹn, wọ́n á sì sanwó. Ibòmíì lojú tiwa wà.

Gìgísẹ̀ la kọ́kọ́ wò. Ojú àgbàlagbà kì í sọ òótọ́ lọ́jọ́ àlejò, torí wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti kun pàùdà, wọ́n ti wé gèlè. Ẹ ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi tí eegun ti sún mọ́ awọ, bíi gìgísẹ̀, ìbàdí, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni ìdùbúlẹ̀ kì í ti í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá. Tẹ́ni náà ò bá lè yí ara rẹ̀ padà, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹran ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú, kí awọ tó là. Wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn wá ibi tó pọ́n. Lára dúdú bíi tiwa, ó lè má pọ́n rárá. Á kàn dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó ní àwọ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: tó bá gbóná, tó le, tàbí tó rọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, egbò ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi òróró ra á. Ẹran abẹ́ rẹ̀ ti rọ, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ra á lè tún ya á.

Èèyàn márùn-ún ni kò lè yí ara wọn padà nílé yìí. Awọ mẹ́rin nínú wọn dára. Ẹnì karùn-ún, màmá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò mínírà. Ìrọ̀rí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ o, àmọ́ gìgísẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé lé e. Ẹ̀yìn ojúgun ló yẹ kí ìrọ̀rí wà, láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ dá dúró lófuurufú débi tí bébà á fi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kò jiyàn. A kọ ìyẹn mọ́ ohun tó dáa.

Bébà tí wọ́n fi ń kọ ìgbà tí wọ́n yí i padà wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí méjì-méjì ni: ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì. Ti ọ̀sán rí bí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn: 8:10, 10:25, 12:05, ìkọ̀wé mẹ́ta, bírò oríṣiríṣi. Ti òru ńkọ́? 10:00, 12:00, 2:00, 4:00, 6:00, ìkọ̀wé kan, bírò kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru rí mọ̀ pé aago kì í tò báyẹn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la wà níwájú bébà yìí, wọ́n sì ti kọ ti aago méjìlá òru ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ òru, nọ́ọ̀sì kan, olùtọ́jú kan. Ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, èèyàn méjì ló ń yí i. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi gbé e, wọn ò gbọ́dọ̀ wọ́ ọ, torí wíwọ́ ló ń bó awọ. Tẹ́ ẹ bá fi pámpá pípààrọ̀ kún un, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ẹnì kan. Èèyàn márùn-ún, àádọ́ta ìṣẹ́jú. Nínú wákàtí méjì kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ bí ìkankan nínú àwọn mẹ́tàlá tó kù bá ń pe èèyàn kó mú òun lọ tọ̀. Bàbá tó pè títí tí wọn ò dáhùn á dìde fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ṣubú. Ẹnì kẹta ló kù kí òru wọn tó pé. Wọ́n ní fóòmù oníná méjì, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú tó sì ń tú u síta. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ yíyí lọ́wọ́ èèyàn, bí NEPA bá sì mú iná lọ, ó lè rọ̀ pẹlẹbẹ.

Oúnjẹ ni wọ́n ti gba ìwúrí jù. Wọ́n ń ṣa egungun ẹja kúrò, mọ́ínmọ́ín wọn rọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé omi lásán léwu ju ẹ̀kọ mímu lọ fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti lọ́ra, nítorí omi yára, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ kí ọ̀fun tó pa dé. Ààbọ̀ síbí ni wọ́n ń bù, wọ́n ń dúró kó gbé e mì, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá tó rọ wò bóyá oúnjẹ sá sí i. Ìgbà tí ohùn bá dà bíi ti ẹni tí omi ń hó lọ́fun rẹ̀, wọ́n ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló fi ń jókòó kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Àṣìṣe kan péré: ìdúró ni olùtọ́jú kan wà tó ń fún bàbá lóúnjẹ. Bàbá ní láti gbójú sókè kó tó rí síbí, orí tó bá sì ṣí sókè báyẹn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀nà èémí fún oúnjẹ. Kó fa àga, kó jókòó síwájú rẹ̀.

Omi mímu kò tó. Obìnrin àgbà nílò nǹkan bíi lítà 1.6 lóòjọ́, ọkùnrin lítà 2, àyàfi tí dókítà bá ti dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Píọ́wọ́tà onínáílọ̀n 50cl mẹ́ta lé díẹ̀ sí mẹ́rin nìyẹn. Nílé yìí, tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, omi ti tán, kí pámpá òru má bàa tutù jù. Ìtọ̀ tó pupa bíi tíì, ìgbẹ́ tó le, kí àgbàlagbà ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ lóru: ó lè jẹ́ omi tí wọn ò fún un ló fà á.

Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ní kọ́kọ́rọ́, àpótí olúkúlùkù dá wà, nọ́ọ̀sì kì í sì í fọwọ́ sí ìwé àyàfi tí wọ́n bá ti gbé e mì. Fìríìjì insulin, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ní òǹdíwọ̀n òtútù tirẹ̀, ó wà láàárín 2°C sí 8°C, ìnfátà ló sì ń gbé e. (Ilé ńlá mélòó ló ṣe ìyẹn!) Ohun tó bà wá lẹ́rù ni oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó ń jẹ́ glibenclamide. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń pín in, oúnjẹ á dé ní mẹ́sàn-án. Láàárín wákàtí méjì yẹn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, àgbàlagbà á làágùn, á dákẹ́, wọ́n á rò pé oorun ló ń kùn ún. Oògùn yìí pẹ́ lára arúgbó, ṣúgà tún lè já lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sókè. Kó bá oúnjẹ dé pọ̀, tàbí kí wọ́n bi dókítà bóyá ó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ ní irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri dáadáa, ó gba ìwúwo èèyàn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà àárọ̀ tí gbogbo wọn ń jí ni wọ́n ń nu tàìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìjókòó nìkan ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti mẹ́ta tó ti dìde. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já, ẹni tí òòyì máa gbé ṣubú nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ ni kí wọ́n gbé lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ̀yìn wíńdò yàrá kẹta ló wà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tí kò lè dìde kò sì lè sá fún un. Kí wọ́n gbé e jìnnà, ó kéré tán mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín kọjú sí ìta. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn náà, ọwọ́ máígádì ní géètì ló ń sùn. Tí iná bá sọ nínú ilé, ta ló máa sáré lọ gbà á?

Nọ́ọ̀sì méjì fi lọ́sẹ́ǹsì Nursing and Midwifery Council hàn, èyí tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, déètì rẹ̀ kò tíì kọjá. Owó tẹ́ ẹ máa san fún ilé náà lóṣù ò ní pámpá àti oògùn nínú. Pámpá mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ jẹ́ 120 sí 150 lóṣù, ẹ ṣírò ìyẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sí géètì fún àlejò. Tẹ́ ẹ bá bèèrè, wọ́n á gbà kẹ́ ẹ wá lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì ka bébà ara ògiri kẹ́ ẹ tó jókòó.