Taira àti Minamoto: ta ló mọ agbára dì mú jù?

Ìdílé jagunjagun méjì ni Taira àti Minamoto, tí wọ́n ń du agbára ní Jàpáàn àtijọ́. Ààfin ni ìdílé Taira gbójú lé. Kiyomori, olórí wọn, gba ipò tó ga jù nínú ìjọba ní Kyoto lọ́dún 1167, ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọba Jàpáàn, nígbà tó sì di 1180, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Antoku ló wà lórí ìtẹ́.

Yoritomo, olórí ìdílé Minamoto, jìnnà sí ààfin. Kamakura ló fìdí kalẹ̀ sí, ó ń fi ilẹ̀ ta àwọn jagunjagun rẹ̀ lọ́rẹ. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju ti Kiyomori lọ. Ká tiẹ̀ ní Kiyomori pa á ní kékeré ni, dípò tó fi lé e lọ sí Izu!

Ní Dan-no-ura, lọ́dún 1185, ogun Minamoto ká Taira mọ́ ojú omi. Ìyá àgbà Antoku gbé ọmọ náà mọ́ra, ó bẹ́ sínú òkun. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje.

Minamoto náà ò pẹ́ lórí oyè. Yoritomo di ṣógùn, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣàkóso lórúkọ ọba, lọ́dún 1192, lẹ́yìn tó ti lépa Yoshitsune, àbúrò rẹ̀ tó bá a ṣẹ́gun, títí ìyẹn fi kú. Lọ́dún 1219, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sanetomo, ṣógùn kẹta, ló gbẹ̀mí rẹ̀. Àwọn àna Yoritomo, ìdílé Hojo, ló jogún agbára.