Ẹni tó tún ráútà mi ṣe nítòsí Ọláìyá

Oṣù méjì gbáko ni Wi-Fi ilé mi l'Ókè-Fíà, nílùú Òṣogbo, fi ṣe mí bó ṣe wù ú. Àdìrẹ ni mò ń tà lórí WhatsApp. Oníbàárà á ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́, nǹkan róbótó yẹn á máa yí ṣáá, títí yóò fi bá ẹlòmíì lọ. Mo bú àwọn tó ń ta dátà fún mi títí, àṣé wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ni mo bá gbé ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe nítòsí Ọláìyá. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wò ó. "Mọ́mì, ṣájà rẹ̀ ńkọ́?" Mo ti gbàgbé ẹ sílé! Ọ̀kadà ni mo tún gùn lọ gbé e. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n: 12 volt ni wọ́n kọ sí i lára, 9 ló ń gbé jáde. Abájọ tó fi ń kú tó tún ń jí fúnra rẹ̀. Ó tú ikùn ráútà, ó fi kapásítọ̀ kan (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) hàn mí, orí ẹ̀ wú bí àkàrà. Ó pààrọ̀ méjèèjì, ₦6,500.

Ó ní kí n gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó sì yí ìkànnì 2.4GHz rẹ̀ (ọ̀kan nínú ìgbì méjì tó fi ń pín Wi-Fi) láti 6 sí 11. Àwòrán ń lọ wàyí. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni 5GHz, ìgbì kejì, ò dé. Ògiri méjì ló wà láàárín.

Ẹjọ́ kan ni mo ní: "ọ̀la" tó dá fún mi, ọjọ́ mẹ́rin ni. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ṣájà yín dání.