Oògùn etí orí káńtà kẹ́míìsì: èyí tó tówó rẹ̀ àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Bí etí bá dun èèyàn mọ́jú, kẹ́míìsì àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ohun tí wọ́n máa nà sí i níbẹ̀ kò pọ̀: ike kékeré oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sí etí, bíi gentamicin, chloramphenicol tàbí ciprofloxacin, oògùn tó ń rọ ìdọ̀tí etí, páálí kọ́tìnbọ́ọ̀dù, àti paracetamol. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wúlò níbi tí wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá kán an sí etí tí kò yẹ, ó lè ba etí náà jẹ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó mówó jáde, ẹ wá ibi tí ìrora náà ti ń wá. Ẹ rọra fa etí náà sókè, kẹ́ ẹ sì fìka tẹ ẹran kékeré tó yọ síta níwájú ihò etí. Bó bá dùn gan-an lójú ẹsẹ̀, awọ inú ihò etí ló ṣeé ṣe kó wú. Omi odò tàbí omi ìwẹ̀ tó dúró sínú etí ló máa ń fà á, tàbí nǹkan tí wọ́n fi ha etí. Ó sábà máa ń yún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Bí fífà náà kò bá yí ìrora padà, tí kátà tàbí ọ̀fìnkìn ló ṣáájú, tí ara ń gbóná, tí etí sì dà bíi pé ó dí, ẹ̀yìn ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún ní òpin ihò etí, ni àìsàn náà wà. Ọmọdé ló ń ṣe jù, torí pé ihò tó so ẹ̀yìn imú mọ́ etí wọn kúrú, ó sì tẹ́jú ju ti àgbàlagbà lọ. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ á máa fa etí rẹ̀, á máa ké bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò sì ní fẹ́ mu ọmú. Nígbà míì, ìrora náà á ṣàdédé rọlẹ̀ lóru, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó sì bá ọyún lórí ìrọ̀rí. Ìlù etí ló lu yẹn, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wa pẹ̀lú gentamicin àti neomycin wà. Àwọn méjèèjì ń pa kòkòrò inú ihò etí dáadáa, owó wọn kò sì ga. Ṣùgbọ́n bí ìlù etí bá ti lu, wọ́n lè gba ojú ibẹ̀ wọ etí inú lọ́hùn-ún, kí wọ́n ba ibi tí a fi ń gbọ́ràn àti ibi tó ń jẹ́ kí èèyàn dúró gírí jẹ́. Ohun tó bá bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Bí ọyún bá ń jáde, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ìlù etí náà wò, ẹ má rà wọ́n. Ciprofloxacin tàbí ofloxacin la máa ní kẹ́ ẹ béèrè, torí pé wọn kì í ṣe irú ìpalára yẹn. Irú wọn náà ni ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ fún etí ọmọdé tó ti ń ṣọyún fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Chloramphenicol wà láàárín. Omi tí wọ́n fi pò ó lè ta àwọn kan lára. Bí etí bá túbọ̀ ń pọ́n tó sì ń yún lẹ́yìn ọjọ́ 2, ẹ dá a dúró.

Àbùkù kan wà tó kan gbogbo wọn: bí ìlù etí bá ṣì pé, ẹ̀kán oògùn kankan kò lè kọjá rẹ̀ débi tí àìsàn ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ra ike mẹ́ta mẹ́rin fún etí ọmọ tí oògùn náà kò lè dé rárá.

Bí ọyún bá wà, ẹ gbẹ etí náà kẹ́ ẹ tó kán nǹkan sí i, àìṣe bẹ́ẹ̀ orí ọyún ni oògùn máa léfòó sí. Ẹ yí aṣọ òwú mímọ́ tàbí tíṣù tó lágbára bí òwú àtùpà, ẹ fi sí ihò etí láì tì í wọnú jù. Bó bá ti fa omi, ẹ yọ ọ́ sọ nù, ẹ fi tuntun sí i, títí èyí tẹ́ ẹ yọ yóò fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ di ike oògùn mú sínú àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí oògùn tútù máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ èèyàn. Kí aláìsàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fa etí àgbàlagbà sókè sẹ́yìn, ẹ fa ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 sísàlẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kán iye tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ tẹ ẹran iwájú etí lẹ́ẹ̀mélòó kan kó lè wọlé, kó sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹnu ike kò gbọdọ̀ kan etí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ike wọ̀nyí kì í kọjá ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Ti ọdún tó kọjá tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ dà á nù.

Paracetamol ló gba máàkì jù lọ́wọ́ wa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í kà á sí oògùn etí. Ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀yìn ìlù etí ló ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3, ìrora ni ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kojú. Fún ọmọdé, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan: ọmọ tó wọn kílò 10 á lo 150. Bí ara ìgò bá kọ 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 6 tó o. Kí wákàtí 6 wà láàárín, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò dáadáa, torí omi tí wọ́n ń kán fún ọmọ ọwọ́ máa ń le ju ti ìgò ńlá lọ. Kápúsù áńtíbáyọ́tíìkì méjì méjì tí wọ́n ń gé tà kò ṣe etí lóore kankan.

Oògùn tó ń rọ ìdọ̀tí dára fún etí tó kàn dí, tí kò gbọ́ràn dáadáa. Kì í ṣe ti etí tó ń ṣọyún. Òróró olífì lásán náà ń ṣe iṣẹ́ yìí: ẹ̀kán 2 sí 3, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 5. Kọ́tìnbọ́ọ̀dù ní tiẹ̀ ń ti ìdọ̀tí náà wọnú ni, ó sì ń họ awọ, ẹ fi sílẹ̀ lórí káńtà. Ìyẹ́ adìẹ àti ìdérí bírò kò sàn jù ú lọ. Bákan náà ni òróró gbígbóná, omi ìgbín àti omi ọmú, ẹ má kán wọn sí etí.

Bí ẹ̀wà tàbí àgbàdo bá wọ etí ọmọ, ẹ má bu omi sí i, ńṣe ló máa wú. Bó bá jẹ́ bátìrì kékeré bíi ti aago, ẹ má kán ohunkóhun sí i, ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí láàárín wákàtí díẹ̀ ló lè jó ẹran inú etí.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ dúró ní kẹ́míìsì rárá: ẹni tí ẹ̀yìn etí rẹ̀ wú tó sì ń ti etí síwájú, ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tí ọrùn rẹ̀ le, tí òòyì ń kọ́ gan-an, tàbí tó ṣàdédé dití. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ ń gbóná wà lára wọn, àti alátọ̀gbẹ tí etí ń dùn kíkankíkan. Ọyún tó ti pé ọ̀sẹ̀ 2 nílò dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Àgbàlagbà tí etí ń dùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n yẹ inú etí wò tí kò sí nǹkan, kó jẹ́ kí wọ́n wo eyín, oríkèé àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ̀, torí àìsàn ibẹ̀ máa ń dunni láti etí, títí kan jẹjẹrẹ ọ̀fun. Ẹ mú ike tẹ́ ẹ ti kán sí i dání lọ, kí dókítà lè mọ ohun tó ti wọ inú etí náà.