Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tàbí àyẹ̀wò ilẹ̀: ibo ni kí ẹ náwó yín sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí àkùrọ̀ ẹ̀yìn ibùdó mẹkáníìkì, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Èéfín tí ẹ ń fà símú yàtọ̀ sí òjé tó wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kan tó máa bá yín wọn méjèèjì.

Ti afẹ́fẹ́ ló rọrùn. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni ẹ̀rọ PurpleAir àti AirGradient jọ fi ń ka eruku tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní PM2.5. AirGradient ni màá mú, torí bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀ ohun tó bá bàjẹ́. Àmọ́ iná àti Wi-Fi ni wọ́n ń fẹ́. Níbi tí iná kì í ti í dúró, AirQo tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Makerere ní Kampala ló dára: ó ń lo oòrùn, nẹ́tíwọ̀kì fóònù ló sì fi ń ránṣẹ́.

Ẹ gbé e jìnnà sí àdògán. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, nọ́ńbà á ti fò sókè kí omi tó hó lórí iná. 5 máíkírógíráàmù nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìpíndọ́gba PM2.5 lọ́dún má kọjá, láti 2021. Lẹ́yìn òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí ẹ̀rọ náà kà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku tó tóbi ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sì mọ èéfín igi yàtọ̀ sí ti bátìrì tí wọ́n ń yọ́.

Ilẹ̀ ló le. Òjé kì í rùn, kì í sọ ewé di pupa. Ní Zamfara lọ́dún 2010, èyí tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ̀rọ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ òjé rárá; ẹ má rà á. XRF alágbèéká, ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn, tó ń fi ìtànṣán X-ray mọ irin tó wà nínú ilẹ̀, ń fún èèyàn lésì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ó lè ju 20,000 dọ́là lọ, erùpẹ̀ tútù ń tàn án jẹ, cadmium (irin olóró míì) díẹ̀ tó ti léwu kì í sì í hàn sí i. Tẹ̀tẹ̀ sì rèé, ó ń fa cadmium mu gan-an. Ẹgbẹ́ tó ń yẹ oko púpọ̀ wò ni XRF wà fún.

Èrò tèmi: ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé erùpẹ̀ lọ sí láàbù. Ẹ bù ú níbi 15 káàkiri oko, kó má jìn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji kó gbẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń yẹ erùpẹ̀ tí wọ́n ti mọ iye òjé inú rẹ̀ wò pẹ̀lú ti oníbàárà. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan fi hàn yín, ẹ gbé erùpẹ̀ yín lọ síbòmíràn.